Ẹ Yẹ Ọkọ̀ Wò Kí Ẹrù Tó Gùn Ún

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pàtẹ sójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Mọ́tò tí à ń háyà lọ sí oko Òkè-Ògùn, tó ń kó iṣu àti ẹ̀lùbọ́ wá sí Ìbàdàn fún wa, tí àwa fúnra wa sì ń jókòó sínú rẹ̀. Kò sí ohun tí obìnrin ọlọ́jà kì í yẹ̀ wò kí ó tó sanwó. Ẹni tó ń ra iṣu á tẹ orí rẹ̀, á tẹ ìdí rẹ̀, á wò ó bóyá ó ti ń rà nínú. Ẹni tó ń ra ẹ̀lùbọ́ á bù díẹ̀ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n tó bá di mọ́tò tí yóò gbé ẹ̀mí wa, owó rẹ̀ nìkan la máa ń ná. "Èló lẹ máa gbà?" "Ó ti pọ̀ jù, ẹ yọ díẹ̀ ńbẹ̀." Ó parí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣe wá. Ní ọdún 2011, àwa mẹ́fà háyà J5 kan ní Ṣakí. A ti kó iṣu sí i tán, a ti sanwó, oòrùn ti ń wọ̀, kí ọ̀kan nínú wa tó rí i pé táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Níbì kan wáyà inú rẹ̀ ti ń yọ síta. Ó pè wá, ó fi hàn wá. A wo táyà, a wo iṣu, a wo oòrùn. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ pé ká já ẹrù. A ní Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Táyà yẹn bẹ́ kí a tó dé Ìsẹ́yìn. Ọkọ̀ náà yà wọ inú igbó, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí ẹrù ni iṣu bò mọ́lẹ̀, itan rẹ̀ kán. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà nílé kí ó tó padà sọ́jà, ọ̀pá ló sì fi ń rìn títí di òní. Ẹni yẹn gan-an ló kọ́kọ́ rí táyà o.

A ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Kì í ṣe pé a ò rí i. A rí i. Ìgbà tí a rí i ni kò dáa. Tí iṣu bá ti gun ọkọ̀, tí owó sì ti bọ́ sápò dẹ́rẹ́bà, ẹnu wa ti di nìyẹn. Owó alábàárù ti lọ, ilẹ̀ ń ṣú, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ á dà bí ẹni tó fẹ́ da ọjà gbogbo èèyàn rú. Nítorí náà, ìgbà tí a ó yẹ ọkọ̀ wò ni ìgbà tó ṣì ṣófo, tí owó ṣì wà létí aṣọ wa.

Àwọn kan nínú wa á ní, "Ṣé àwa la ń yan mọ́tò ni? Ọkọ̀ tó bá kàn ní gáréèjì náà la ó gbé." Òótọ́ ni. Tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń gbé e. Ṣùgbọ́n kò sí òfin gáréèjì tó ní kí a má wo ọkọ̀ tó kàn. Ẹ rọra sọ ọ́. Ẹ má pariwo, ẹ má bú ẹnikẹ́ni. "Dẹ́rẹ́bà wa, ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká kàn wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ná kí àwọn ọmọ tó máa kó ẹrù." Ó lè fèsì pé, "Màmá, mọ́tò yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlọrin dé lánàá ni, kò ṣe nǹkan kan." Ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì fẹ́ wò ó. Dẹ́rẹ́bà tí ọkọ̀ rẹ̀ dára kì í bínú, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Tí èyí tó kàn kò bá dáa, ẹ lọ bá alága gáréèjì ní ìdákọ́ńkọ́, kí ó fi ti ẹni tó tẹ̀lé e rọ́pò. A ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà fún wa lẹ́ẹ̀mejèèjì. Òun náà kò fẹ́ kí wọ́n wá bá òun ní gáréèjì pé ọkọ̀ tí òun fi ránṣẹ́ pa èèyàn.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òun nìkan ló ń kan ilẹ̀ nínú gbogbo mọ́tò. Ẹ yí ọkọ̀ ká, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti inú àti ìta, torí ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ìta rẹ̀ dára, inú rẹ̀ ti jẹ tán. Táyà tó dára ní ilà tó jìn lójú. Ẹ wo inú ilà yẹn dáadáa, ẹ ó rí kókó pẹlẹbẹ kéékèèké tó dábùú rẹ̀. Àwọn tó ṣe táyà ló fi í síbẹ̀ fún àmì. Tí ojú táyà bá ti jẹ dọ́gba pẹ̀lú kókó yẹn, ilà tó kù kò ju nǹkan bíi mílímítà kan àbọ̀ lọ, táyà yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Tí òjò bá rọ̀, ilà yẹn ló ń tú omi sẹ́yìn kí táyà lè di ilẹ̀ mú. Táyà tó dán á léfòó lórí omi ni, ibi tó bá wù ú ló máa lọ.

Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ táyà. Tí ó bá wú níbì kan bí ìkúùkù, okùn inú rẹ̀ ti já, kò sí ìgbà tí kò lè bẹ́. Tí ó bá sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ó ti gbó. Gbígbó yìí kọ́, àìní ilà kọ́. Gbogbo wa la mọ rọ́bà tí a fi ń de owó. Tí a bá gbé e sí iwájú ìsọ̀ kí oòrùn máa pa á, tí a kò tilẹ̀ fi de nǹkan kan, ọjọ́ tí a bá fà á ló máa já. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà. Ó lè wà ní ìkáléẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, kí ilà rẹ̀ ṣì jìn, kí ó máa dán bí tuntun lójú, kí ó sì ti kú nínú.

Báwo la ṣe ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀? Wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Ẹ wá ibi tí wọ́n tẹ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Níparí ọ̀rọ̀ yẹn ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó dé, ẹ má tilẹ̀ bá dẹ́rẹ́bà yẹn sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó máa ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà ju ọdún mẹ́rin lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà yìí máa ń wà lára táyà púpọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ inú ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì orí fóònù yín. Ẹni tí kò bá kàwé, kí ó fi fóònù ya ibẹ̀, kí ó fi han ẹni tó lè kà á.

Àlòkù ni púpọ̀ nínú táyà tí wọ́n ń tà fún àwọn dẹ́rẹ́bà, èyí tí à ń pè ní tòkunbọ̀. Ìjọba ti fòfin de kíkó irú rẹ̀ wọlé fún ọkọ̀ kéékèèké, síbẹ̀ ó kún ilẹ̀ bí ẹní kó o láti inú oko. A ò dá dẹ́rẹ́bà lẹ́bi tán. Nígbà kan, Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, Michelin ń ṣe é ní Pọta, àwọn méjèèjì sì ti ṣíwọ́ kí ọdún 2010 tó dé. Láti ìgbà náà táyà tuntun di ohun tí à ń fi owó òkèèrè rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní owó ọkọ̀ òun dínkù sí ti gbogbo èèyàn, ẹ bi ara yín léèrè ibi tó ti rí owó yẹn yọ.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà ńkọ́? Àwọn dẹ́rẹ́bà kan gbà pé tí oòrùn bá mú, kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ kù kí táyà má bàa bẹ́. Ìdàkejì rẹ̀ gan-an ló jẹ́ òótọ́. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré á máa tẹ̀, á máa nà, bí ó ti ń yí. Ẹ mú wáyà tín-ín-rín kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ẹ fọwọ́ kan ojú ibi tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́: ó ti gbóná. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí táyà nìyẹn, pàápàá tí iṣu bá wà lórí rẹ̀. Gbígbóná yẹn ló ń bẹ́ ẹ. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà nínú ọkọ̀ púpọ̀, èyí tí a ó lò tí ẹrù bá wà sì máa ń ju ti ọkọ̀ òfìfo lọ. Òwúrọ̀ ni kí fọkanáísà fi géèjì wò ó, kí ọkọ̀ tó rìn, torí táyà tó ti rin ọ̀nà jíjìn á parọ́ fún géèjì. Kí ẹ má sì gbàgbé ẹ́sítírà táyà. A ti rí èyí tó jẹ́ pé òun gan-an ló burú jù nínú gbogbo wọn, kò sí jáàkì, kò sì sí sípánà.

Bí ẹ ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ka nọ́ọ̀tì tó de táyà mọ́ ọkọ̀. Kí ó pé. Tí ẹ bá rí ìpẹtà pupa tó ń ṣàn jáde lábẹ́ ọ̀kan bí omijé, nọ́ọ̀tì yẹn ti ń mì nìyẹn, kí wọ́n fún un.

Lẹ́yìn táyà, bíréèkì ló kù tí a ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. A ò lè tú u wò, a kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta la lè ṣe. Kí dẹ́rẹ́bà jókòó, kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí ó má gbẹ́sẹ̀ kúrò, kí a ka nọ́ńbà dé ọgbọ̀n. Ó yẹ kí ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì dúró síbẹ̀. Tí ó bá ń rọra rì lọ, ọ́ìlì ń jò níbì kan. Tí ó bá di dandan kí ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó le, ẹ kúrò nídìí ọkọ̀ yẹn. Ìkejì, ẹ wo ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan nínú lọ́hùn-ún, bóyá ibẹ̀ tutù, tó ń yọ̀. Ìkẹta, ẹ ní kí ó ṣí iwájú ọkọ̀, kí ó fi ike ọ́ìlì bíréèkì hàn yín. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín ilà méjì tó wà lára ike náà.

Àwọn aláìbìkítà kan wà tó jẹ́ pé tí ọ́ìlì bíréèkì bá tán, omi ọṣẹ ni wọ́n ń bù sí i. Ní títì tó tẹ́jú, ó lè dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ tó rù ú bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, bíréèkì á gbóná, omi inú rẹ̀ á hó, á di ooru. Omi ló ń ti bíréèkì, ooru kò lè tì í. Ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà á kàn wọlé ṣọ́ọ́ bí ẹni tẹ ìrọ̀rí ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òkè tó wà lọ́nà Òkè-Ògùn mọ ohun tí à ń wí.

Iná kò gba àkókò. Ẹnì kan dúró níwájú, ẹnì kan dúró lẹ́yìn, kí dẹ́rẹ́bà tan gbogbo rẹ̀: iná iwájú méjèèjì, iná ẹ̀yìn, iná bíréèkì, àti èyí tí wọ́n fi ń yà. Ìdájí la máa ń kúrò nílé, alẹ́ la sì máa ń padà. Ọkọ̀ olójú kan, ọ̀kadà ni ẹni tó ń bọ̀ níwájú máa pè é. Yóò fún un ní àyè ọ̀kadà, ọkọ̀ ńlá ló sì máa bá níbẹ̀. Kí ó fi wáípà hàn yín pẹ̀lú tó bá jẹ́ ìgbà òjò, kí ó sì nu gíláàsì.

Ẹ wọ inú ọkọ̀, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tàbí páálí tó wà nílẹ̀. Ṣé ilẹ̀ ọkọ̀ lu? Ibẹ̀ ni èéfín ń gbà wọlé. Èyí tó ń ṣe ni léṣe jù nínú èéfín yẹn kò ní òórùn, a ò sì lè fojú rí i. Orí á máa fọ́ni, oorun á máa kùn ni, a ó rò pé àárẹ̀ ọjà ni. Tí gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ bá ń tòògbé lẹ́ẹ̀kan náà tí orí sì ń fọ́ wọn, ẹ ṣí fèrèsé kíá, kí ọkọ̀ dúró. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn wò láti inú àti láti ìta. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi okùn so, ta ló máa tú u tí iná bá sọ? Nípa ti iná, kò sí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kankan tó gbọ́dọ̀ bá wa wọ inú ọkọ̀, ì báà jẹ́ ti dẹ́rẹ́bà, ì báà jẹ́ ti ìyàwó alága. Agolo ìpaná gbọ́dọ̀ wà, kí ọwọ́ géèjì orí rẹ̀ sì wà lójú àwọ̀ ewé. Tí ó bá ti bọ́ sójú pupa, ìlù ni wọ́n lè fi í lù. Kí sí-kọ́ṣọ̀n wà pẹ̀lú, kì í ṣe ewé àti igi tí wọ́n ń já sójú títì, tí ẹni tó ń bọ̀ lóru kò lè rí.

Ẹrù ńkọ́? Ní ibí yìí, àwa gan-an la ń jẹ̀bi. Àwa là ń sọ pé, "Ẹ fi àpò mẹ́ta yẹn kún un, ó máa gbà á." Ẹrù tó wúwo ni kó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ káàkiri, kí gbogbo rẹ̀ má kórajọ sẹ́yìn. Tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá rì jù, iwájú á fúyẹ́, dẹ́rẹ́bà á máa yí ìdarí, táyà iwájú kò ní gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ẹrù tó ga jù lórí ọkọ̀ ló ń jẹ́ kó gbókìtì níbi kọ́nà. Jíjókòó sórí ẹrù, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ ńbẹ̀. A mọ̀ pé a fẹ́ ṣọ́ ẹrù wa, a mọ̀ pé owó ọkọ̀ mìíràn á tún lọ. Ẹni tí a sọ ìtàn rẹ̀ lókè yìí náà ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀ ni.

Ó ku dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sún mọ́ ọn bí ẹ ti ń kí i. Paraga kì í pa òórùn rẹ̀ mọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ wérewère bi í níbi tó sùn sí lánàá àti iye ìgbà tó ti lọ tó ti bọ̀ láti àná. Ẹni tó wakọ̀ mọ́jú kò gbọ́dọ̀ gbé wa, kódà kí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ tuntun.

Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí èèyàn méjì bá pín in ṣe. Ẹ jẹ́ ká máa san ààbọ̀ owó nígbà tí ẹrù bá wọlé tán, kí ààbọ̀ tó kù dúró di ìgbà tí a bá sọ ẹrù kalẹ̀ n'Ìbàdàn. Dẹ́rẹ́bà tó mọ̀ pé owó òun ṣì kù lọ́wọ́ wa kì í sáré àsápajúdé. Ẹ fi nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sínú fóònù yín, 122 ni, ọ̀fẹ́ ni. Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ará ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní tiwa láti 1977, nítorí náà kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa.

Ẹgbẹ́ ti ra géèjì táyà méjì. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ akápò, ìkejì wà lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó wà níwájú ìsọ̀ aláta. Ẹni tó bá ń lọ oko, kí ó wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ọjọ́ tó bá dé ni kí ó dá a padà, kí ó tó lọ dúró ti iṣu rẹ̀, torí a mọ ara wa.